Awọ Fẹ́lẹ́ Lójú Bọ́ọ̀dù: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀nà Tí Wọ́n Fi Ń Gba Ẹ̀rọ Lọ́wọ́ Ọ̀rinrin

Nínú ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná lónìí, láti orí fóònù dé orí ínfátà tó ń sọ iná oòrùn di iná ilé, bọ́ọ̀dù kan wà tí wọ́n jó àwọn èròjà kéékèèké mọ́. Ojú ọ̀nà bàbà ló so àwọn èròjà náà pọ̀, àlàfo tó wà láàárín ojú ọ̀nà méjì sì lè má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Àlàfo yẹn gan-an ni ọ̀rinrin ń wá. Tó bá ráyè jókòó síbẹ̀, iná á máa gba ibi tí kò yẹ, irin á dípẹtà, ẹ̀rọ á sì kú láìjẹ́ pé ó já bọ́ tàbí pé ẹnikẹ́ni da omi sí i.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń fi awọ ààbò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú bọ́ọ̀dù nítorí ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní kí a kùn ún bí ọ̀dà. Àwọn kan ní ọ̀dà kì í dé kọ̀rọ̀, pé inú afẹ́fẹ́ ló yẹ kí awọ ti wá dì sójú bọ́ọ̀dù. Àwọn mìíràn gbà pé awọ tí kò ju nánómítà díẹ̀ lọ ti tó. Àwọn kan ń sọ pé àpótí tó dé dáadáa sàn ju gbogbo awọ lọ, àwọn kan sì dúró lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kí a kọ́kọ́ fọ bọ́ọ̀dù mọ́. Àgbéyẹ̀wò yìí to èrò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó wọn agbára rẹ̀ àti àbùkù rẹ̀, ó sì fi ibi tí ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú hàn. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ibi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ tí atẹ́gùn òkun sì ń gbé iyọ̀ wọ ilé, etíkun wa láti Kùtọnu dé Àgbádárìgì àti Èkó sì wà lára wọn.

Ohun tí ọ̀rinrin ń ṣe gan-an

Omi nìkan kọ́ ló ń ba bọ́ọ̀dù jẹ́, nítorí omi tó mọ́ pátápátá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé: omi, ìdọ̀tí tó ní iyọ̀ nínú, àti fóltéèjì láàárín irin méjì tó sún mọ́ra. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, irin tó wà níhà pọ́sítíìfù á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, á gba inú omi náà lọ sí ìhà nẹ́gátíìfù, á sì tún dì padà níbẹ̀. Irin tó ń dì yìí á máa yọ ẹ̀ka tín-ín-rín títí yóò fi kan ìhà kejì. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀tì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàbà, òjé àti tánńganran lè rìn báyìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ fàdákà ló yá jù. Láti ọdún 1955 ni ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ti tẹ àlàyé jáde lórí bí fàdákà ṣe ń rìn lórí ohun tí kò yẹ kó gbé iná.

Iyọ̀ ló ń pinnu ìgbà tí omi á wà lójú bọ́ọ̀dù. Iyọ̀ ọbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi inú afẹ́fẹ́ títí yóò fi yọ́ nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá tó nǹkan bí 75%. Iyọ̀ òkun tún burú jù ú lọ, torí pé ó ní magnesium chloride nínú, èyí tó ń yọ́ láti nǹkan bí 33%. Ní Èkó, ọ̀rinrin àárọ̀ sábà máa ń kọjá 80%. Èyí fi hàn pé eruku oníyọ̀ tó bà sójú bọ́ọ̀dù létíkun lè tutù fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, kódà nígbà tí òjò kò rọ̀.

Ọ̀tá kejì ni gáàsì tó ní imí-ọjọ́ nínú, irú èyí tó ń jáde láti inú irà, inú kòtò ẹ̀gbin, ilé ìfọpo àti èédú tó ń jó. Èyí kò nílò fóltéèjì rárá. Ó ń sọ fàdákà di dúdú, ó ń jẹ ẹnu àwọn èròjà kéékèèké tó ní fàdákà nínú, ó sì ń mú kí ìpẹtà bàbà máa rá lọ lójú bọ́ọ̀dù. Ìlànà ISA-71.04 ń fi bàbà tó mọ́ wọn bí afẹ́fẹ́ yàrá ṣe le tó: bí ìpẹtà tó dì sí bàbà náà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ kò bá tó 30 nánómítà, afẹ́fẹ́ náà wà ní ipò G1, tó rọrùn jù, láti ibẹ̀ ló ń gòkè lọ sí G2, G3 àti GX.

Òótọ́ kan wà tí gbogbo àríyànjiyàn tó kù dúró lé. Kò sí ọ̀dà tàbí ike kan tí oru omi, ìyẹn omi inú afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí, kò ní gba inú rẹ̀ kọjá bó bá pẹ́. Iṣẹ́ awọ ààbò ni pé kí ó lẹ̀ mọ́ ojú bọ́ọ̀dù tímọ́tímọ́, débi pé oru tó bá wọlé kò ní rí àyè kóra jọ di omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Ìdí nìyẹn tí bí awọ ṣe lẹ̀ tó fi sábà máa ń ṣe pàtàkì ju bó ṣe nípọn tó lọ.

Àwọn tó ní kí a dé e pa, kí a má kùn ún

Èrò àkọ́kọ́ ni pé bí àpótí bá dé dáadáa, bọ́ọ̀dù kò nílò awọ kankan. Wọ́n á fi rọ́bà yí etí àpótí ká, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú fóònù pa, wọ́n á sì fi nọ́ḿbà IP tó wà nínú ìlànà IEC 60529 ṣe ẹ̀rí. IP67, bí àpẹẹrẹ, ń sọ pé eruku kò lè wọlé, àti pé ẹ̀rọ náà lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Samsung Galaxy S5 ní nọ́ḿbà yìí lọ́dún 2014, iPhone 7 sì gbà á lọ́dún 2016.

Agbára èrò yìí hàn gbangba. Bọ́ọ̀dù kò ní ohunkóhun lára tí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe máa ní láti họ kúrò. Ilé iṣẹ́ kò ní kẹ́míkà tí yóò máa ṣọ́. Omi tó ń ṣàn, tó jẹ́ pé awọ fẹ́lẹ́ kì í lè kojú fún ìgbà pípẹ́, kò ní débẹ̀ rárá.

Àbùkù rẹ̀ kì í tètè hàn. Bí àpótí bá gbóná lọ́sàn-án tó sì tutù lálẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀, á tún sún kì, á sì máa fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé gba ihò tó kéré jù lọ. Rọ́bà ń gbó, gọ́ọ̀mù ń ṣí, ike àpótí fúnra rẹ̀ ń jẹ́ kí oru omi kọjá. Oru tó wọlé á di omi nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, kò sì ní tètè rọ́nà jáde. Àwọn kan ń fi ihò tí wọ́n fi aṣọ PTFE bò yanjú èyí: afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, omi olómi kò lè kọjá. Ṣùgbọ́n oru ṣì ń kọjá. Ìdánwò IP67 sì ń wáyé nínú omi tí kò níyọ̀, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa ọdún márùn-ún nínú afẹ́fẹ́ òkun. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń lo agbára púpọ̀ máa ń gbóná. Ínfátà tó ní fáànù kò ṣeé dé pa. Fáànù náà ló ń fa eruku ọyẹ́ àti iyọ̀ òkun wá bá bọ́ọ̀dù.

Ọ̀dà olómi: ẹbí mẹ́rin

Èyí ni ọ̀nà tó gbòòrò jù. Ìlànà IPC-CC-830, tó rọ́pò ìlànà ológun Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní MIL-I-46058C nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, pín awọ sí ẹbí-ẹbí. Acrylic, polyurethane àti epoxy sábà máa ń wà láàárín 30 sí 130 máíkírọ̀nù, ti silicone sì jẹ́ 50 sí 210. Ẹgbẹ̀rún máíkírọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan, nítorí náà èyí tó nípọn jù nínú wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà.

Acrylic ló rọrùn jù láti lò. Ó ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ń kojú ọ̀rinrin dáadáa, ẹni tó fẹ́ tún bọ́ọ̀dù ṣe sì lè fi èròjà olómi bíi tínà yọ́ ọ kúrò. Ìwà kan náà yẹn ni àbùkù rẹ̀: epo ọkọ̀ àti tínà tó bá ta sí i máa yọ́ ọ, ooru líle sì ń mú kó rọ̀.

Polyurethane ń kojú kẹ́míkà àti ìhọra ju acrylic lọ. Ó tún níyì níbi ìṣòro kan tó yàtọ̀ sí ọ̀rinrin, ìyẹn irun tánńganran tó ń hù jáde láti ara ẹsẹ̀ èròjà tí kò ní òjé. Àwọn olùwádìí NASA ní Goddard fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi polyurethane bò, wọ́n sì rí i pé ibi tí awọ ti fẹ́lẹ́ ni irun náà ti ń gún un jáde, àmọ́ ibi tó nípọn tó 50 máíkírọ̀nù ń dá a dúró. Ìṣòro polyurethane ni pé ó ṣòro láti yọ, kẹ́míkà isocyanate tó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì léwu fún èémí ẹni tó ń lò ó tàbí tó fi iná jó o.

Epoxy ló le jù. Ìhọra àti kẹ́míkà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ṣùgbọ́n ó ń sún kì bó ṣe ń gbẹ, ó sì lè fa àwọn èròjà ẹlẹgẹ́ ya. Bó bá ti gbẹ tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé yọ láìba bọ́ọ̀dù jẹ́.

Silicone ló ń fara da ooru jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ títí dé 200°C, ó sì ń bá bọ́ọ̀dù nà, ó ń bá a sún kì. Ó ń jẹ́ kí oru omi kọjá ju àwọn ẹbí tó kù lọ, síbẹ̀ ó ń dáàbò bò ó dáadáa, nítorí pé ó ń lẹ̀. Kò sí ẹ̀rí tó lágbára ju èyí lọ pé ìlẹ̀mọ́ra ni kókó. Àmọ́ ibi tí imí-ọjọ́ bá wà, ọ̀rọ̀ á yí padà: gáàsì náà ń wọ inú silicone ní ìrọ̀rùn, ó ń kóra jọ síbẹ̀, ìpẹtà abẹ́ awọ sì lè burú. Oru tó ń jáde lára silicone kan tún lè lọ dì sí ẹnu ríléè tó ń ta ná, kó má sì jẹ́ kí iná kọjá mọ́.

Àbùkù kan pa ẹbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Nǹkan olómi ni wọ́n, nǹkan olómi sì máa ń sá kúrò ní etí mímú. Ní igun ẹsẹ̀ ṣípù, níbi tí fóltéèjì ti sún mọ́ra jù, awọ lè fẹ́lẹ́ dé bíi pé kò sí. Omi ọ̀dà tún lè yọ́ wọ inú ibi tí wáyà ti ń so, kó sì dí i. Bubú afẹ́fẹ́ á wà lábẹ́ èròjà ńlá. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ìgbàgbọ́ àwọn alátakò ọ̀dà olómi ni pé ògiri rẹ̀ kì í ṣaláìlanu níbì kan. Àwọn tó fara mọ́ ọn ń fèsì pé àwọ̀ títàn tó wà nínú ọ̀dà ń jẹ́ kí ojú rí ibi tí kò dé lábẹ́ iná ultraviolet, àti pé rọ́bọ́ọ̀tì lè wọ́n ọn síbi tó yẹ nìkan. Irú tuntun tó ń fi iná ultraviolet gbẹ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kò ní tínà púpọ̀ nínú, ṣùgbọ́n òjìji èròjà ńlá ń dí iná náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po ohun tó ń fi ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ gbẹ mọ́ ọn.

Parylene: awọ tó ti inú afẹ́fẹ́ wá

Lọ́dún 1947, ní Yunifásítì Manchester, Michael Szwarc, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Poland, ṣàkíyèsí awọ fẹ́lẹ́ kan tó dì nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. William Gorham ní ilé iṣẹ́ Union Carbide ló wá rí ọ̀nà tó dúró ṣinṣin láti ṣe é, ó sì dé ọjà lọ́dún 1965. Wọ́n á kọ́kọ́ mú kí ìyẹ̀fun rẹ̀ di gáàsì ní nǹkan bí 150°C, wọ́n á fi nǹkan bí 680°C já a sí wẹ́wẹ́, gáàsì náà á sì wọ yàrá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde. Níbẹ̀, láìsí ooru, á dì sára gbogbo ohun tó bá kàn, lábẹ́ èròjà, nínú ihò, lórí etí mímú, pẹ̀lú ìnípọn kan náà. Ìlànà fún un ní 10 sí 50 máíkírọ̀nù.

Níbi tí ọ̀dà olómi ti kùnà ni parylene ti ń tàn: kò ní bubú, kì í sá kúrò ní igun, ihò abẹ́rẹ́ kì í sí nínú rẹ̀ bó bá ti nípọn tó. Ara ènìyàn kì í kọ̀ ọ́, nítorí náà ó wà lára àwọn ẹ̀rọ ìṣègùn tí wọ́n ń fi sínú ara, títí kan èyí tó ń ran lílù ọkàn lọ́wọ́.

Ohun tó ń dá a dúró ni owó àti àkókò. Iṣẹ́ ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ ni, yàrá kan á gba ọ̀pọ̀ wákàtí, gbogbo ẹnu ibi tí wáyà ti ń so ni wọ́n gbọ́dọ̀ dí pa kó tó wọlé, nítorí gáàsì kò mọ ibi tí kò yẹ kó dé. Láìsí kẹ́míkà ìmúlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní silane, kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀. Parylene C, tó wọ́pọ̀ jù, máa ń gbó bó bá pẹ́ nínú ooru tó ju nǹkan bí 100°C lọ níbi tí afẹ́fẹ́ wà, oòrùn sì ń pọ́n ọn. Tínà kò lè yọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ tún bọ́ọ̀dù náà ṣe á ní láti họ ọ́.

Awọ nánómítà tó ń lé omi

Èrò kẹrin ní kí a má gbìyànjú láti bo bọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀, kí a kàn mú kí omi má lè tẹ́ lórí rẹ̀. Kẹ́míkà tó ní fluorine nínú ló ń ṣe é. Omi tó bá kàn án á kóra jọ bí ilẹ̀kẹ̀, á sì yí dànù. Wọ́n lè rì bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi gáàsì oníná tí wọ́n ń pè ní plasma dì í mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ P2i, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba lọ́dún 2004, gbé irú èyí jáde láti inú iṣẹ́ tí ilé ìwádìí Ilé Iṣẹ́ Ààbò Ìlú Ọba ti ṣe nítorí aṣọ ọmọ ogun.

Àǹfààní rẹ̀ jọ àwọn oníṣẹ́ fóònù lójú. Ó fẹ́lẹ́ débi pé ẹnu ṣáńjà ń gún un kọjá fúnra rẹ̀, nítorí náà wọn kì í dí ohunkóhun pa. Ó yára, kò fi kún ìwọ̀n ẹ̀rọ, lẹ́ẹ̀dì gbígbóná tí wọ́n fi ń jó èròjà mọ́ bọ́ọ̀dù sì lè gba inú rẹ̀ kọjá bí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n lílé omi yàtọ̀ sí dídènà rẹ̀. Omi tó bá dúró lórí bọ́ọ̀dù tí iná wà lára rẹ̀ á rí ibi tó ti máa gba inú awọ tín-ín-rín yẹn kọjá, eruku oníyọ̀ tó bà lé e á sì fún ọ̀rinrin níbi ìdúró. Ìdáhùn àwọn tó ń ṣe é ni pé ìjàmbá ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, wọn kò ṣe é fún ọdún mẹ́wàá létíkun.

Àríyànjiyàn tó le jù ni ti àyíká. Àwọn kẹ́míkà yìí wọ ẹbí PFAS, tí kì í jẹrà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Jámánì, Netherlands, Denmark, Sweden àti Norway gbé àbá kan síwájú àjọ kẹ́míkà Ìparapọ̀ Yúróòpù láti dín lílo gbogbo ẹbí náà kù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ 3M ti kéde pé òun á jáwọ́ nínú ṣíṣe PFAS kí ọdún 2025 tó parí. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka awọ yìí gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ̀ bóyá yóò ṣì rí i rà.

Awọ òkúta: títo átọ́ọ̀mù léra

Bí ike bá ń jẹ́ kí oru kọjá, kí ló dé tí a kò fi ohun tí kì í ṣe ike bò ó? Ìbéèrè yìí ló bí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ALD. Tuomo Suntola ṣe é ní Finland lọ́dún 1974 fún ojú ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Leningrad náà ti ń ṣiṣẹ́ lórí irú rẹ̀ ṣáájú. Suntola gba Ẹ̀bùn Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Millennium lọ́dún 2018. Gáàsì kan á wọlé, á tẹ́ ìpele kan ṣoṣo, wọ́n á gbá ìyókù rẹ̀ jáde, èkejì á wọlé, á sì dà pọ̀ mọ́ ìpele náà. Yíyípo kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá nánómítà kún un. Aluminium oxide tó nípọn tó nánómítà díẹ̀ lé ní ogún lè dènà oru ju ike tó nípọn ju ú lọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Kò sí awọ tó dènà oru tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo àwọn tí a kà sílẹ̀. Síbẹ̀ òkúta ni, ó ń sán. Bí bọ́ọ̀dù bá fẹ̀ nínú ooru, awọ náà kò lè bá a fẹ̀. Eruku kan ṣoṣo tó wà lójú bọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀ lè di ihò. Aluminium oxide fúnra rẹ̀ ń bàjẹ́ nínú omi gbígbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to titanium oxide lé e lórí. Iṣẹ́ náà falẹ̀. Àwọn kan ń dá a mọ́ ike, ìpele òkúta kan, ìpele ike kan. Irú ìtòléra òkúta àti ike bẹ́ẹ̀ ló ń dáàbò bo ojú fóònù OLED lónìí. Bóyá ó lè rọlẹ̀ dé orí bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú kò tíì hàn.

Àwọn tó ní ìfọ̀mọ́ ló ṣáájú

Ẹgbẹ́ kan kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí irú awọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ohun tó wà lábẹ́ awọ ló ń ṣe ìpinnu. Bí iyọ̀ bá wà lójú bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó kùn ún, oru tó bá gba inú awọ kọjá á yọ́ iyọ̀ náà, omi oníyọ̀ yẹn á tún fa oru púpọ̀ sí i wọlé, awọ á sì wú bí ara tí iná jó. Ibi tí wíwú náà bá ti ṣí awọ sókè, àyè ti ṣí fún omi nìyẹn.

Ìtàn iṣẹ́ náà fún wọn ní ẹ̀rí. Nígbà kan, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní CFC ni wọ́n fi ń fọ bọ́ọ̀dù lẹ́yìn jíjó lẹ́ẹ̀dì. Àdéhùn Montreal ọdún 1987 fòpin sí CFC, ilé iṣẹ́ púpọ̀ sì yí sí flux tí kò nílò fífọ̀, ìyẹn ọ̀rá tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì mú, tó sì ń fi ásíìdì díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ásíìdì náà kì í ṣe nǹkankan níbi tó gbẹ. Níbi tí ọ̀rinrin wà, ó ń ran ìpẹtà lọ́wọ́, kì í sì í jẹ́ kí awọ lẹ̀ dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fi ìdíwọ̀n kan ṣoṣo wọn ìmọ́tótó: iyọ̀ tó wà lójú bọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ ju 1.56 máíkírógíráàmù lọ lórí sẹ̀ńtímítà kan níbùú lóròó. Lọ́dún 2018, IPC, àjọ tó ṣe ìlànà IPC-CC-830, sọ pé nọ́ḿbà yẹn nìkan kò tó ẹ̀rí mọ́.

Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó lè tako ìmọ̀ràn yìí, agbára rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ abẹ́ ṣípù òde òní sún mọ́ bọ́ọ̀dù débi pé omi ìfọ̀ kì í lè wọlé, tàbí kó wọlé kó má jáde. Ìfọ̀kufọ̀ a sì máa ti ìdọ̀tí láti ojú kan sí òmíràn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìmọ́tótó ilé iṣẹ́ kò lè dá eruku tó máa dé lẹ́yìn ọdún méjì dúró. Ó ń múra sílẹ̀ fún awọ. Kò lè rọ́pò rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò

Gbogbo ẹgbẹ́ ló ní èsì ìdánwò lọ́wọ́, èsì náà kì í sì í bára mu. Èyí tó lókìkí jù ni fífi ẹ̀rọ sínú ooru 85°C àti ọ̀rinrin 85% fún wákàtí 1,000. Èkejì ni ìkùukùu omi iyọ̀. Ẹ̀kẹta ń wọn bí iná kò ṣe lè gba ojú bọ́ọ̀dù kọjá nínú ọ̀rinrin.

Ìdánwò ooru líle ń yára, ó sì rọrùn láti fi èsì ilé iṣẹ́ kan wé ti èkejì. Ṣùgbọ́n ní 85°C, ásíìdì flux lè fò lọ kó tó ṣe ìpalára, bọ́ọ̀dù á wá dà bíi pé ó mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi fara mọ́ 40°C pẹ̀lú ọ̀rinrin tó lé ní 90%, tó jọ ojú ọjọ́ etíkun wa ju 85°C lọ. Bọ́ọ̀dù ìdánwò pẹlẹbẹ kì í ní igun àti kọ̀rọ̀ tí bọ́ọ̀dù tòótọ́ ní. Ìkùukùu iyọ̀ tó ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró yàtọ̀ sí ọ̀sán gbígbẹ àti òru tútù tí ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn. Ìbàjẹ́ kan tún wà tí awọ ojú bọ́ọ̀dù kò lè dá dúró: bàbà tó ń rìn nínú bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn gíláàsì inú rẹ̀.

Gbígbé wọn lórí ìwọ̀n

Bí a bá to àwọn èrò yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí èyí tó borí níbi gbogbo, nítorí ọ̀tá tí kálukú wọn ń kojú yàtọ̀. Ẹni tí ẹ̀rù omi tó ń ṣàn bà máa gbọ́ ti àpótí. Ẹni tó ń bẹ̀rù eruku oníyọ̀ àti ọ̀rinrin alẹ́ lórí bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ sí máa gbọ́ ti ọ̀dà olómi tó lẹ̀ dáadáa lórí ojú tó mọ́. Níbi tí imí-ọjọ́ ti pọ̀, silicone ló yẹ kó kẹ́yìn nínú yíyàn. Ẹ̀rọ tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́ tó owó parylene. Ìjàmbá ìṣẹ́jú díẹ̀ lára fóònù ni awọ nánómítà wà fún.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe gbọ́dọ̀ wọ inú ìwọ̀n yìí pẹ̀lú, pàápàá níbi tí ẹ̀rọ ti ń lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ ẹni méjì, mẹ́ta. Ẹni tó gba ínfátà tòkunbọ̀ láti tún un ṣe kì í sábà mọ irú awọ tó wà lójú rẹ̀. Bí acrylic bá ni, tínà ti tó. Bí polyurethane bá ni, ó lè máa fa oru tó léwu símú bó ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá sì tún un ṣe tán tí kò fi awọ mìíràn dí ojú ibi tó họ, ibẹ̀ gan-an ni ìpẹtà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Awọ tó lágbára jù nílé iṣẹ́ lè wá sọ ẹ̀rọ di pàǹtírí kó tó àsìkò.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìdánwò. Kò tíì sí ìdánwò kan tí gbogbo ẹgbẹ́ gbà pé ó lè sọ iye ọdún tí bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi awọ bò máa lò níbi tí ọ̀rinrin, iyọ̀ àti ooru ti ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn lójoojúmọ́. Wákàtí 1,000 nínú yàrá ìdánwò kò ní ìtumọ̀ kan pàtó lédè ọdún.

Èkejì ni ti ásíìdì flux. Àwọn kan gbà pé awọ tó bá a mu lè bò ó láìséwu; àwọn kan ní àfi kí a fọ ọ́. Ẹ̀rí wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì, torí pé irú flux, irú awọ àti bí ooru ìjólẹ́ẹ̀dì ṣe tó ń yí èsì padà.

Ẹ̀kẹta ni ohun tó máa rọ́pò PFAS. Silicone àti ike tí kò ní fluorine lè lé omi, ṣùgbọ́n wọn kò tíì lé epo tó bẹ́ẹ̀, kò sì tíì dájú pé wọ́n á pẹ́ bí ti fluorine nígbà tí wọ́n bá fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni imí-ọjọ́. Ìlànà tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó wà, ìlànà tó ń sọ irú awọ wà, ṣùgbọ́n ìlànà tó so méjèèjì pọ̀, tó máa sọ awọ tó yẹ fún afẹ́fẹ́ G3, kò tíì fìdí múlẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, tó kan wa jù, ni bí a ṣe lè ní awọ tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ fún ọdún mẹ́wàá tí oníṣẹ́ ọwọ́ sì tún lè ṣí láìséwu, tó sì lè dí padà pẹ̀lú ohun tó wà lọ́jà. Acrylic sún mọ́ ìdáhùn náà, kò tíì débẹ̀. Títí dìgbà tí ẹnìkan yóò fi débẹ̀, ó kéré tán, ó yẹ kí ilé iṣẹ́ máa kọ irú awọ tí wọ́n lò sára bọ́ọ̀dù. Lẹ́tà méjì péré ni IPC fi ń dá ẹbí kọ̀ọ̀kan mọ̀, àyè wọn kò sì lè wọ́n lórí bọ́ọ̀dù kankan.